Tráfíkétọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa: bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí àléébù wà kí ẹ tó ra fíláṣà

Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ló ti ra fíláṣà tuntun, tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, tí tráfíkétọ̀ sì wà bó ṣe wà. Wọ́n á tún ra òmíràn, wọ́n á ní ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ojúlówó. Lẹ́yìn náà ni rewáyà á ní àfi kí òun tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Á gé wáyà méjì, á so mẹ́ta, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá fi máa mọ̀, gílóòbù ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló ti jó láti ọjọ́ yìí wá. Nínú ọkọ̀ tó bá ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gílóòbù, ilé gílóòbù àti ẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Fíláṣà kọ́ ló yẹ kí á kọ́kọ́ fura sí. Iná náà fúnra rẹ̀ máa ń sọ ohun tó ń ṣe é, bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Iná kékeré yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ara ọkọ̀. Ẹ wo títì wa nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú: ọ̀kadà ń bọ̀ lápá òsì, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, dánfó ti dúró sáàárín títì, iná òpópónà ò sì sí. Bí awakọ̀ bá fẹ́ yà sápá òsì wọ àdúgbò, tráfíkétọ̀ nìkan ló lè sọ fún ọlọ́kadà tó fẹ́ yà á sílẹ̀ pé kó ní sùúrù. Bí kò bá tàn, ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni ọlọ́kadà á ti mọ̀. Bí ẹ bá sì kó sọ́wọ́ àwọn Road Safety tàbí VIO, iná tí kò ṣiṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ dá yín dúró.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa orúkọ rẹ̀ ná. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì la ti gba tráfíkétọ̀, àwọn gan-an ò sì fi bẹ́ẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un kì í ṣe iná tó ń ṣẹ́jú. Apá kékeré ni, tó máa ń yọ jáde lára òpó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ìgbà tí èèyàn na ọwọ́, iná á sì tàn nínú rẹ̀. Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù lo irú apá bẹ́ẹ̀ títí di 1960, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ Buick ní Amẹ́ríkà ti fi iná tó ń ṣẹ́jú sára ọkọ̀ rẹ̀ ti 1939. Apá yẹn ti lọ, orúkọ rẹ̀ ló kù sọ́dọ̀ wa. Àwọn mìíràn ń pè é ní pọ́ńtà, ohun kan náà ni.

Ọ̀nà tí iná ń gbà dé gílóòbù

Bátìrì ni iná ti ń jáde. Ó máa gba inú fíúùsì kọjá, á wọ fíláṣà. Fíláṣà yìí ló ń gé e, tó tún ń dá a padà, ìdí nìyẹn tí gílóòbù fi ń ṣẹ́jú, òun náà ló sì ń dún “tá-tá, tá-tá” tí ẹ ń gbọ́ nínú ọkọ̀. Láti ibẹ̀, iná á lọ sínú ọ̀pá tí ẹ ń tì sókè tàbí sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Ọ̀pá yẹn ló ń darí rẹ̀ sápá òsì tàbí apá ọ̀tún. Ìgbà náà ló tó dé gílóòbù iwájú, gílóòbù ẹ̀yìn, àti kékeré tó wà lára fẹ́ńdà bí ọkọ̀ yín bá ní in.

Ìrìn àjò rẹ̀ ò tíì parí síbẹ̀ o. Iná gbọ́dọ̀ gba ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì. Ọ̀nà àbọ̀ yìí ni àwọn rewáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, òun ni àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé jù. Wọ́n á yẹ ọ̀nà àlọ wò láti orí dé ìdí, wọn ò ní wo ọ̀nà àbọ̀.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni hásáàdì, ìyẹn bọ́tìnnì onígun mẹ́ta tó ń mú kí gbogbo tráfíkétọ̀ jọ ṣẹ́jú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, fíláṣà kan náà àti gílóòbù kan náà ni hásáàdì àti tráfíkétọ̀ ń lò. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé hásáàdì ń gba iná tààrà láti bátìrì láìsí pé ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kì í sì í gba inú ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ sítíárìn kọjá. Nítorí náà, hásáàdì ni ohun èlò àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ wò ó, ẹ kà á

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ẹ fa hańdì búréèkì. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ títí tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á fi tàn, ẹ má tíì sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ tráfíkétọ̀ òsì, ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ yí ọkọ̀ po. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, kí ẹ tan hásáàdì, ẹ tún yí i po. Ẹ má kàn jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹ máa wo ọfà aláwọ̀ ewé tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan, torí ọfà yẹn lè máa tàn nígbà tí gílóòbù ẹ̀yìn ti kú.

Kí ẹ sì ka iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú. Tráfíkétọ̀ tó dáa máa ń ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà ní nǹkan bí 90. Ẹ wo aago fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí ẹ bá ka nǹkan bí 30, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá ka 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń sáré jù. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé tàbí fóònù: èwo ló tàn, èwo ni kò tàn, èwo ló ń sáré, èwo ló kàn tàn tí kò ṣẹ́jú. Ìwé kékeré yẹn á gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ní ọgbà mẹkáníìkì.

Bí apá kan bá ń sáré

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù. Bí ti òsì bá ń ṣẹ́jú bó ṣe yẹ, tí ti ọ̀tún wá ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ẹ lọ wá gílóòbù tó kú lápá ọ̀tún. Gílóòbù ńlá tráfíkétọ̀ sábà máa ń jẹ́ wáàtì 21, lórí bátìrì fóólítì 12, ìyẹn nǹkan bí áńpù kan àti mẹ́ta nínú mẹ́rin fún ẹyọ kan. Fíláṣà alẹ́kitíróníìkì máa ń wọn iná tó ń kọjá lára rẹ̀. Bí gílóòbù kan bá jó, iná tó ń kọjá á dín kù sí nǹkan bí ìdajì, fíláṣà á sì yára sí i kí awakọ̀ lè mọ̀ pé gílóòbù kan ti kú. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá torí pé ó ń sáré yọ fíláṣà jù nù, ó ti ju ìránṣẹ́ tó wá jíṣẹ́ fún un nù.

Nínú àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ gan-an, tí fíláṣà wọn rí bí agolo kékeré roboto tó ní ẹsẹ̀ méjì, òdìkejì lẹ máa rí. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbóná tó sì ń tẹ̀, bó bá tẹ̀ á gé iná, bó bá tutù á dá a padà. Bí gílóòbù kan bá jó, iná tó ń kọjá ò ní tó láti mú irin yẹn gbóná, tráfíkétọ̀ á máa falẹ̀ tàbí kó kàn tàn kalẹ̀ láìṣẹ́jú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tó tàn tí kò ṣẹ́jú lápá kan ṣoṣo, gílóòbù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá níbí náà.

Ẹ yọ gílóòbù náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sínú díẹ̀, kí ẹ yí i sápá òsì, á sì jáde. Bí okùn tínínrín inú rẹ̀ bá ti já, tàbí tí dígí rẹ̀ ti dúdú, ó ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ojú nìkan. Okùn náà lè ti já níbi tí ojú ò tó. Ẹ gbé gílóòbù apá kejì tó ń ṣiṣẹ́ sínú ilé tí kò tàn yìí. Bó bá tàn, gílóòbù ló kú. Bí kò bá tàn, gílóòbù ò mọ nǹkan kan, ilé rẹ̀ tàbí wáyà ni ẹ máa wò.

Bí ẹ bá lọ ra òmíràn, ì báà jẹ́ ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ní Gate n'Ìbàdàn, ẹ mú èyí tó kú lọ́wọ́ lọ. Gílóòbù wáàtì 21 funfun àti èyí tí dígí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn jọ ara wọn, àmọ́ etí kéékèèké méjì tó wà lára wọn kò sí níbì kan náà, torí kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé èyí tí kò yẹ síbẹ̀. Ẹni tó bá fagídí tì í wọlé á ba ilé gílóòbù jẹ́. Irú kan tún wà tó ní okùn méjì nínú, tó sì ní ojú méjì nísàlẹ̀, wáàtì 21 àti wáàtì 5. Bí wọ́n bá fagídí fi èyí sínú ilé olójú kan, ojú méjèèjì lè kan ara wọn, ẹ ó sì máa rí iná tí ẹ ò tàn.

Ilé gílóòbù náà ńkọ́? Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun àwọ̀ ewé tàbí ìyẹ̀fun funfun, omi ti wọ ibẹ̀, ó ti dípẹtà. Èyí pọ̀ gan-an lára ọkọ̀ tí ìbòrí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán, tàbí tí rọ́bà inú búùtù ti jẹ. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí ẹ fi sáńpépà tó kúnná nu ojú irin méjèèjì títí á fi dán. Ẹ fi ṣóńṣó kékeré fa irin ìsàlẹ̀ sókè díẹ̀ bó bá ti wọlé jù, kó lè kan ìdí gílóòbù dáadáa. Kí ẹ sì dí ibi tí omi ń gbà wọlé o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òjò tó ń bọ̀ á dá yín padà síbẹ̀.

Ẹ́ẹ̀tì, aṣèbàjẹ́ tí kì í pariwo

Bí iná ọkọ̀ yín bá ń ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fura sí. Ẹ tẹ búréèkì, tráfíkétọ̀ ẹ̀yìn á dákẹ́ tàbí kó ṣókùnkùn. Ẹ tan páàkì láìtì, iná tó yẹ kó dúró jẹ́ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú pẹ̀lú tráfíkétọ̀. Ẹ tẹ tráfíkétọ̀ òsì, iná ríváàsì á máa tàn fẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí àjẹ́ nídìí ẹ̀. Iná tí kò rí ọ̀nà àbọ̀ gba ara irin ọkọ̀ padà á wá ọ̀nà mìíràn, á gba inú gílóòbù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi tí ẹ́ẹ̀tì tiwọn wà. Gílóòbù méjèèjì á wá pín agbára tó yẹ kí ẹyọ kan lò, kò sì sí èyí tó máa tàn bó ṣe yẹ nínú wọn.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé. Ẹ wá wáyà kan tó gùn bí apá méjì, kí ẹ ha ojú rẹ̀ méjèèjì. Ẹ tan tráfíkétọ̀ apá tó ní ìṣòro. Ẹ fi ojú kan wáyà náà kan irin ilé gílóòbù, ìyẹn èyí tó yí ara gílóòbù ká, tàbí wáyà ẹ́ẹ̀tì tó jáde lára iná náà (dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́). Ẹ fi ojú kejì kan irin ara ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà lára. Bí iná bá mọ́lẹ̀ kedere lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mú olè: ẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi wáyà yìí kan ojú ìsàlẹ̀ gílóòbù, torí ibẹ̀ ni iná ń gbà wọlé, fíúùsì á jó. Ẹni tó bá ní mítà lè lò ó dípò wáyà: kó fi ẹsẹ̀ kan sí irin ilé gílóòbù, kó fi ìkejì sí orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, nígbà tí iná ń ṣẹ́jú lọ́wọ́. Bí mítà bá ń fò kọjá ìdajì fóólítì nígbàkigbà tí iná bá tàn, ẹ́ẹ̀tì yẹn kò dáa.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ tẹ̀ lé wáyà náà dé ibi tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ara ọkọ̀. Nínú búùtù, lẹ́yìn káàpẹ́ẹ̀tì tó bo ẹ̀gbẹ́, ni ti ẹ̀yìn sábà máa ń wà, ti iwájú á wà nítòsí bátìrì tàbí lẹ́yìn iná ojú ọkọ̀. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha irin náà títí á fi funfun, kí ẹ dè é padà kó le dáadáa. A fẹ́ kí ẹ kíyè sí èyí jù: ọkọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún bọ́dì ṣe dé, tí iná rẹ̀ wá ń ṣe ségesège, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti kun ọ̀dà bo ibi tí wọ́n de ẹ́ẹ̀tì mọ́. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ọkọ̀ ń dán gbinrin, tráfíkétọ̀ ti kú.

Bí òsì àti ọ̀tún kò bá tàn rárá

Gílóòbù mẹ́rin kì í sábà jó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ tan hásáàdì. Bí hásáàdì náà ò bá tàn, fíláṣà tàbí fíúùsì ni. Bí hásáàdì bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ fi fíláṣà àti gílóòbù sílẹ̀, wọn ò jẹ̀bi. Fíúùsì tráfíkétọ̀, bọ́tìnnì hásáàdì, tàbí ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ sítíárìn ló ku kí ẹ wò.

Fíúùsì lẹ máa kọ́kọ́ wò. Àwòrán tó wà lẹ́yìn ìdérí àpótí fíúùsì á fi èyí tó jẹ́ ti tráfíkétọ̀ hàn yín. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, hásáàdì àti fèrè ọkọ̀ ló ń lo fíúùsì kan náà, torí náà bí fèrè náà bá ti yadi, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ tààrà. Bí ẹ bá fi òmíràn sí i tó tún jó lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ti bó níbì kan tó ń kan irin. Ẹ má fi fíúùsì tó tóbi ju iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ. Ẹ má sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe, kí ẹ máa we wáyà tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ fíúùsì tó jó. Fíúùsì wà kí ó lè jó dípò wáyà. Bí kò bá lè jó mọ́, wáyà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló máa jó, ọkọ̀ á sì tẹ̀ lé e.

Bí fíúùsì bá dáa, bọ́tìnnì hásáàdì ló kàn. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, iná tráfíkétọ̀ máa ń gba inú bọ́tìnnì hásáàdì kọjá kó tó dé fíláṣà. Nígbà tí ẹ ò bá tan hásáàdì, bọ́tìnnì yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún tráfíkétọ̀. Bọ́tìnnì tí wọn kì í tẹ̀ fún ọdún pípẹ́ á sì dípẹtà nínú. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ tráfíkétọ̀ sápá kan, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì hásáàdì wọlé, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jáde, bí ìgbà ogún. Bí tráfíkétọ̀ bá jí, kódà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ti rí ibi tí àìsàn wà. Ẹ lè lò ó bẹ́ẹ̀ dé ilé, ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ bọ́tìnnì náà, torí á tún padà kú.

Ó wá kan fíláṣà

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, fíláṣà máa ń wà nítòsí àpótí fíúùsì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà. Ẹ tan hásáàdì, kí ẹ fi etí àti ọwọ́ wá ibi tó ń dún. Bí kò bá dún, ẹ wo ìwé ọkọ̀. Ẹni tó ní Golf 4 má dààmú wá a lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù: inú bọ́tìnnì hásáàdì gan-an ni wọ́n ṣe fíláṣà sí.

Fíláṣà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Lára ti Japan, ẹ máa rí lẹ́tà B, L àti E. Iná ń gba B wọlé, ó ń gba L jáde lọ sí ọ̀pá, E jẹ́ ẹ́ẹ̀tì. Lára ti Yúróòpù bíi Volkswagen, nọ́ńbà ni wọ́n kọ: 49 ni ibi tí iná ń gbà wọlé, 49a ni ibi tó ń gbà jáde, 31 ni ẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ fíláṣà kúrò. Ẹ fi ìdè tẹ́sítà mú irin ara ọkọ̀, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi ẹnu tẹ́sítà kan ihò B nínú ilé fíláṣà. Bí tẹ́sítà ò bá tàn, iná kò dé ibẹ̀, ẹ padà sí fíúùsì àti bọ́tìnnì hásáàdì. Bó bá tàn, ẹ fi wáyà kékeré kan so ihò B pọ̀ mọ́ ihò L, kí ẹ tẹ tráfíkétọ̀ sápá òsì. Gílóòbù òsì gbọ́dọ̀ tàn kalẹ̀ láìṣẹ́jú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún òsì àti ọ̀tún, wáyà dáa, ọ̀pá dáa, gílóòbù dáa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ihò E ní ẹ́ẹ̀tì tó dáa, torí fíláṣà tí kò ní ẹ́ẹ̀tì kò lè ṣiṣẹ́. Bí E náà bá dáa, ìgbà yìí gan-an ló tó ọ̀rọ̀ kí ẹ lọ ra fíláṣà. Ẹ má jẹ́ kí wáyà kékeré yẹn kan ihò E rárá. Ẹ má sì fi í síbẹ̀ pẹ́. Àyẹ̀wò ni, kì í ṣe àtúnṣe.

Bí ẹ bá so B mọ́ L tí apá kan tàn tí èkejì ò tàn, tí hásáàdì sì ń tan apá méjèèjì, inú ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ sítíárìn ni. Ẹ rọra mi ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti tì í. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, ojú irin inú rẹ̀ ti jẹ. Bí ọ̀pá ò bá wulẹ̀ padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yà tán, ike kékeré kan ló ti kán, kò kan ọ̀rọ̀ iná.

Fún àwọn tó ń wa tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ fetí sí èyí. Nínú àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe fún ọjà ọ̀hún, gílóòbù pupa kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ búréèkì àti tráfíkétọ̀ lẹ́yìn. Iná búréèkì wọn á gba inú ọ̀pá tráfíkétọ̀ kọjá kó tó dé ẹ̀yìn. Nítorí náà, bí búréèkì láìtì apá kan bá kú, tí gílóòbù rẹ̀ sì dáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú búùtù ọkọ̀ yín palẹ̀. Ọ̀pá iwájú yẹn ni kí wọ́n wò.

Gílóòbù LED

Ó ti wọ́pọ̀ báyìí kí èèyàn yọ gílóòbù àtijọ́ kó fi LED sí i torí ó mọ́lẹ̀, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Àìjẹ iná púpọ̀ yẹn gan-an ló ń fa wàhálà. Fíláṣà á rò pé gílóòbù ti kú, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ti agolo ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè má ṣẹ́jú rárá. Àwọn kan á so rẹsísítọ̀ mọ́ wáyà kó lè tan fíláṣà jẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rẹsísítọ̀ yẹn máa ń gbóná débi tó lè yọ́ ike tàbí wáyà tó bá fara kàn án, nítorí náà irin ni wọ́n gbọ́dọ̀ dè é mọ́. Fíláṣà tí wọ́n ṣe fún LED dára jù ú lọ. Lójú tiwa o, ẹni tí gílóòbù àtijọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá máa gbé e lọ fún rewáyà

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ tẹrí sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ kàn fún rewáyà ní ohun tí ẹ kọ sílẹ̀: “Hásáàdì ń ṣiṣẹ́, ti òsì ń ṣẹ́jú dáadáa, ti ọ̀tún ń sáré, gílóòbù ẹ̀yìn ọ̀tún ò tàn, mo ti pààrọ̀ gílóòbù náà.” Rewáyà tó mọṣẹ́ á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, á sì lọ síbẹ̀ tààrà. Èyí tó bá ní kò kan òun, tó gbé púláyà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà láìtíì fi tẹ́sítà kan nǹkan kan, ẹ ní kó dúró ná. Wáyà tí wọ́n gé tí wọ́n sì fi téèpù so lónìí ni ẹ́ẹ̀tì tí kò dáa ní ọdún méjì sí i.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tún yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ tan páàkì láìtì, kí ẹnì kan tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì tan tráfíkétọ̀ òsì àti ọ̀tún níkọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá tàn pọ̀ láìsí èyí tó ṣókùnkùn, iṣẹ́ ti parí. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe láti tún un ṣe kí ẹ tó jáde, ẹ na ọwọ́ òsì síta gbọọrọ kí ẹ tó yà sápá òsì, kí ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ ojúmọmọ. Ẹ má tan hásáàdì dípò rẹ̀ ní oríta bí àwọn kan ṣe ń ṣe láti fi sọ pé ọ̀ọ́kán làwọn ń lọ: ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń rí iná apá kan ṣoṣo á rò pé ẹ fẹ́ yà, á sì kó sí yín lẹ́nu.